Ọwọ́ Ọ̀tún Ìyá Ẹ̀jìnrìn

Lọ́jọ́ kẹjọ tí a sin ìyá mi àgbà, Ìyá Ràṣídì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn àdúrà, ó ní kí n fún òun ní tẹ̀sùbáà olóògbé. Kò bèèrè aṣọ. Kò bèèrè ọ̀kan nínú àwọn ẹní tí Ìyá fọwọ́ ara rẹ̀ hun, bẹ́ẹ̀ ẹní mẹ́fà ló wà ní kíká ní kọ̀rọ̀ yàrá. Tẹ̀sùbáà yẹn gan-an ló fẹ́.

"Múní, dákun," ló wí, ó fi ọwọ́ sábẹ́ hìjáàbù rẹ̀, "òun nìkan ni mo fẹ́. Má jẹ́ kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn."

Inú bí mi. Mo mọ ohun tí àwọn obìnrin àsàlátù ń wá lára tẹ̀sùbáà yẹn, mo sì mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó wò ná. Ó wo ojú mi bí ẹni tó fẹ́ fi nǹkan kún un, ó yí padà, ó sì lọ bá àwọn yòókù níbi tí wọ́n ti ń pín sàráà.

Àwọn tó wá síbi fìdáù náà ń sunkún ẹni mímọ́ kan. Èmi ò bá wọn mọ ẹni yẹn. Ìyá tí mo mọ̀ lè fi ọ̀sẹ̀ méjì bínú nítorí pé ẹnì kan fi iyọ̀ kún ọbẹ̀ rẹ̀ láì bi í. Gbogbo ẹ̀rọ inú ilé wa ló ń pè ní "nǹkan yẹn." Bí ó bá fẹ́ràn rẹ, yóò bú ọ; bí kò bá fẹ́ràn rẹ, yóò máa bọ̀wọ̀ fún ọ títí ẹ̀rù yóò fi bà ọ́. Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó máa ń da omi ìfọṣọ sí ẹnu ọ̀nà. Àràárọ̀ ni Ìyá ń dúró dè é, á kúnlẹ̀ díẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, sà. Ẹ kú iṣẹ́ omi o." Ọkùnrin náà fara dà á fún oṣù mẹ́ta, ó lọ gbẹ́ gọ́tà. Ìyá tó bí mi, tó jẹ́ ọmọ rẹ̀, ní kí ló dé tó ń bá aládùúgbò jà. "Mi ò bá a jà," ni Ìyá wí. "Mo kàn ń kí i ni."

Ọmọ Ẹ̀jìnrìn ni, létí ọ̀sà. Sàlámọ́tù lorúkọ rẹ̀, àmọ́ láti ìgbà tí ìyá mi ti mú un wá sọ́dọ̀ wa ní Ìkòròdú lẹ́yìn ikú bàbá àgbà, kò sẹ́ni tó pè é ní nǹkan mìíràn ju Ìyá Ẹ̀jìnrìn lọ. Ilé wa kò jìnnà sí Ìpakodo. Ìyá mi máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ kó lè bá BRT lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ l'Ékòó, ìrọ̀lẹ́ ló sì ń wọlé. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yunifásítì, mò ń retí kí wọ́n pè mí láti lọ sin ìlú, nítorí náà èmi àti Ìyá nìkan la jọ ń wà nílé láti àárọ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe.

Ẹní ló ń hun. Wọ́n máa ń kó koríko ẹní wá fún un láti Ẹ̀jìnrìn, yóò sá a sí oòrùn, yóò pa apá kan láró pupa, yóò wá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wa, yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì. Etí ẹní rẹ̀ máa ń gún régé. Kì í wò ó bó ti ń hun ún. Ojú rẹ̀ á wà lára mi, tàbí lára adìẹ tó fẹ́ jẹ koríko, ọwọ́ á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bó ṣe ń mọ̀ bí etí ẹní bá fẹ́ wọ́. Ó ní, "Ojú kọ́ ló ń hun ẹní, ọwọ́ ni. Ọwọ́ tèmi kì í parọ́."

Kò pẹ́ sígbà náà tí ẹní kan wọ́. Etí rẹ̀ ya sí ọ̀tún, díẹ̀ báyìí. Ìyá tú u. Ó tún un hun, ó tún wọ́. Ó tú u lẹ́ẹ̀kejì, ó dáwọ́ dúró, ó sì wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ń wo àlejò tí kò ránṣẹ́ pè. Lẹ́yìn náà ló ní koríko ọdún yẹn ló burú. Ó di ohun tó kù, ó ní kí n gbé e sẹ́yìn ilé. "Mo ti hun tó," ló wí, kò sì hun òmíràn mọ́ títí ó fi kú.

Bí mo bá sọ pé ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn, irọ́ ni. Inú mi dùn pé mi ò ní máa sá koríko mọ́.

Ìjà lórí ilẹ̀ inú ilé ló tẹ̀ lé e. Táìlì tó ń dán ni ìyá mi fi ṣe gbogbo ilẹ̀ ilé wa, ó sì ń fi í yangàn. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí rẹ̀. A máa ń gbọ́ ọ láti yàrá, ṣàà, ṣàà, bí ẹni tó ń gbálẹ̀. Tó bá dé ẹnu ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ náà á kọ̀. Yóò dúró síbẹ̀, yóò gbá férémù mú, bí ẹni pé ẹnì kan dúró níwájú tí kò jẹ́ kó kọjá. Ìyá mi ra bàtà tuntun fún un, kò wọ̀ ọ́. Sátidé kan ni àwọn méjèèjì fi ariwo bá ara wọn jà lórí rẹ̀. Ìyá mi ní kí àwọn lọ rí dókítà. Ìyá bọ́ sínú èdè Ìjẹ̀bú bó ti máa ń ṣe tí inú bá ń bí i, nígbà tó sì padà sí èdè tí gbogbo wa gbọ́, ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀yin lẹ fi dígí tẹ́lẹ̀, ẹ wá ń bi mí ìdí tí mi ò fi lè rìn."

Tẹ̀sùbáà rẹ̀ dúdú, ẹyọ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, bàbá àgbà ló rà á fún un. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń kà á. Nígbà tí ó yá, kì í fẹ́ gbé e sílẹ̀ mọ́. Ó ń kà á tí a bá ń wo tẹlifíṣọ̀n, ó ń kà á tí èèyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀. Inú ìyá mi dùn. Ó ní ó dáa kéèyàn túbọ̀ sún mọ́ Ọlọ́run bó ti ń dàgbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àìlà, mo gbé omi wọ yàrá rẹ̀. Ó jókòó sórí ẹní ìkírun, ó ń wo ojú fèrèsé. Tẹ̀sùbáà wà lórí ìṣó lára ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan, àtàǹpàkò sì ń yí lórí ìka kejì, ó ń yí, ó ń yí, kò sí nǹkan kan láàárín wọn. Mo dúró. Ìyá yíjú, ó rí ibi tí mò ń wò, ó sì fi ọwọ́ òsì di ti ọ̀tún mú bí ẹni di adìẹ mú. Nígbà tó tú u sílẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Gbé e wá fún mi," ló wí.

Mo mú tẹ̀sùbáà lórí ìṣó, mo fi sí i lọ́wọ́. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí a ti máa ń rí i. Ó wò mí. "Ṣé o rí i? Ó ti dáa báyìí."

Ó wá sọ fún mi nípa àǹtí rẹ̀ kan tó ń ta ẹja ní Ẹ̀jìnrìn nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Ọwọ́ obìnrin náà ń gbọ̀n. Àwọn èèyàn ní ó ti fi ọwọ́ yẹn ṣe nǹkan tí kò yẹ kó ṣe. Wọn ò ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó jẹ́ kó gbé ọmọ òun. "Abẹ́ aṣọ ló fi ọwọ́ náà sí títí ó fi kú," ni Ìyá wí. Ó mí kanlẹ̀. "Má sọ fún ìyá ẹ, Múní."

Mo ní mi ò ní sọ. Mo sì pa á mọ́ fún ọdún kan àbọ̀. Mo lè wí àwáwí: mo jẹ́ ọmọ, ó jẹ́ àgbà, ó bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, mo ní fóònù lọ́wọ́, mo sì mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ó dùn mọ́ mi pé àṣírí kan wà láàárín èmi àti òun. Òótọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, bí kò bá ṣe pé ó parí sí ẹkún, ẹ̀rín ni ì bá máa pa mí. Gbogbo nǹkan tó ń ṣe Ìyá ló ń sọ ọ́ di ẹni mímọ́ lójú àwọn obìnrin àsàlátù, tí wọ́n ń péjọ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Ojú rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní ó ti kọ ayé sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ sún mọ́ ọn kó tó gbọ́; wọ́n ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Tó bá forí kanlẹ̀ lórí ìrun, ó máa ń pẹ́ níbẹ̀, ó máa ń pẹ́ gan-an, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì máa sunkún nítorí ìbẹ̀rù Ọlọ́run tí wọ́n rí lára rẹ̀. Èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń gbọ́ ohun tó ń sọ. "Múní," ló máa ń wí, iwájú orí rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, "mi ò lè dìde." Màá fi èjìká mi tì í díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ṣèèṣì kàn án, títí yóò fi gbéra.

Ìyá Ràṣídì ló ń gbé ìròyìn kiri pé ọwọ́ Ìyá kì í sinmi tẹ̀sùbáà. Ará Ìwó ni, ó háyà yàrá méjì sí òpópónà tó tẹ̀ lé tiwa, òun, Ràṣídì ọmọ rẹ̀, àti ìyàwó Ràṣídì. Ohùn rẹ̀ tó ilé mẹ́ta. Ó fẹ́ràn Ìyá, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìròyìn bákan náà. Òun ló lọ bá Áfáà, Áfáà sì fi Ìyá ṣe àpẹẹrẹ nínú wàásù. "Ẹ wo ọwọ́ Ìyá Ẹ̀jìnrìn," ló wí. "Ó bá yín jókòó, Ọlọ́run ló ń bá sọ̀rọ̀." Kò pé oṣù méjì tí wọ́n fi Ìyá jẹ Ìyá Sùnnà, wọ́n sọ ọ́ di olórí gbogbo obìnrin mọ́ṣáláṣí náà. Wọ́n wé láwàní funfun fún un, wọ́n yà á ní fọ́tò. Nígbà tí a délé, ó bọ́ láwàní náà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó dúró, ó ń wò ó.

"Wọ́n ti tì mí mọ́lé," ló wí.

Láti ọjọ́ yẹn lọ, kò sí bó ṣe lè sọ pé ara òun kò yá. Àwọn obìnrin ń mú ọmọ wá kí ọwọ́ náà lè kàn án lórí. Àwọn tó kéré sí i bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi tirẹ̀. Tí mo bá wo ìlà àwọn tó jókòó, ìka ń yí lórí ìka láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí.

Ó ní òun fẹ́ dé ọjà Ẹ̀jìnrìn. Mo mú un lọ. Ara rẹ̀ yá lọ́jọ́ náà, ó ń bú àwọn tó ń ta koríko, ó ní koríko wọn tutù bí ojú wọn. Ìbátan rẹ̀ kan fi ọkọ̀ ojú omi gbé wa lọ sí apá kejì, ibi tí wọ́n ti ń gé koríko nígbà èwe rẹ̀, ó sì gbé wa padà. Nígbà tí a gúnlẹ̀, Ìyá gbé ẹsẹ̀ òsì sórí ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ̀. Ó wà nínú ọkọ̀, kò gbéra. Ọkọ̀ ń sún, àlàfo ń fẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, àwọn èèyàn ń pariwo pé kó fò, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín. Ó jìn sómi dé àyà. Bí èmi àti ìbátan rẹ̀ ti ń fà á, mo rí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lókè omi, tẹ̀sùbáà wà níbẹ̀, ó ṣì ń yí. Àwọn obìnrin tó wà létí omi ní àdúrà tó ń gbà lọ́wọ́ ló yọ ọ́.

A wà nínú mọ́tò lọ́nà Ìtóìkín, à ń padà sí Ìkòròdú. Aṣọ mi ló ró. "Omi yẹn mọ̀ mí láti kékeré," ló wí. "Òun kọ́ ló fẹ́ pa mí. Nǹkan tó wà lára mi yìí ni kò mọ̀ mí rí."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n sọ fún ìyá mi. Ó ní kí n dúró díẹ̀. Mo dúró.

Lẹ́yìn náà ni ìyàwó Ràṣídì bímọ obìnrin. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Ìyá Ràṣídì gbé ọmọ náà wá fún Ìyá láàárín èrò. Ìyá ní kó gbé e fún Áfáà. Wọ́n rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni, wọ́n gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Ó gbìyànjú, mo rí i bó ṣe ń gbìyànjú. Iṣan ọrùn rẹ̀ ta. Apá ọ̀tún gan, ó sì ta lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ sì yọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀bá ẹsẹ̀ Ìyá ni mo jókòó sí. Itan mi ló bọ́ sí. Ọmọ náà kò tilẹ̀ jí. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ ti mọ ibi tó fẹ́ sùn. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Bí a ti ń lọ sílé, tó fi ara tì mí, ó ní, "Ó ti tó, Múní. Mi ò fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ bo àṣírí."

Ohun tó ṣe ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni mo fi ń mọ̀ ọ́n sí èèyàn. Ó jókòó sí ààyè Ìyá Sùnnà níwájú àwọn obìnrin bí ọgọ́ta, ó ní kí wọ́n fún òun láyè. Ó bọ́ láwàní. Ó gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀ sórí ẹní. Ó wá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè kí gbogbo wọn lè rí i, òfìfo, ìka ń yí lórí ìka.

"Ẹ wò ó dáadáa," ló wí. Gbogbo ilé dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ohùn rẹ̀. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mi ò ka nǹkan kan. Ó ti lé lọ́dún kan tí ọwọ́ yìí ti ń ṣe tinú ara rẹ̀. Àìsàn ni. Mo fi tẹ̀sùbáà bò ó mọ́ yín lójú ni. Ẹ foríjì mí."

Mo rò pé wọ́n máa bínú, mo ti ń wá ibi tí màá gbà mú un jáde. Ìyá Ràṣídì ló kọ́kọ́ fò dìde.

"Alláhù Akbar!" ló ké. "Ẹ rí nǹkan! Ọwọ́ rẹ̀ ti ń dárúkọ Ọlọ́run láìní tẹ̀sùbáà!"

Gbogbo wọn gbà á. Wọ́n ya bò ó, wọ́n ń fi ojú kan ọwọ́ náà, wọ́n ń sunkún. Ó ń mi orí pé rárá, rárá, ohùn rẹ̀ kò sì jáde láàárín ariwo wọn. Ó wò mí lórí èjìká wọn. Mi ò tíì rí ojú tó dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá mi wà lẹ́yìn pátápátá lọ́jọ́ náà, ó sì dúró bí ẹni tí wọ́n lù. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ.

Kò lọ síbi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè. Ilé ìwòsàn ńlá ni a lọ. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò, wọ́n ti orí Ìyá bọ ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú agbárí, dókítà kan, obìnrin tí ohùn rẹ̀ tutù, sì fi àwòrán náà hàn wá. Kókó funfun kan wà níbẹ̀ tó tóbi ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ.

"Kì í ṣe jẹjẹrẹ, Ìyá," ló wí. "Ara awọ tó bo ọpọlọ ló ti hù, ó wá ń tẹ ọpọlọ. Ìdí tí ọwọ́ fi ń gbọ̀n nìyẹn, tí ẹsẹ̀ fi ń wọ́. Ó máa ń lọ́ra dàgbà ni. Tí a bá tètè rí irú rẹ̀, a máa ń yọ ọ́, ọwọ́ sì máa ń padà sípò lọ́pọ̀ ìgbà." Ó gbé bírò. "Láti ìgbà wo lọwọ́ yìí ti ń ṣe báyìí?"

Ìyá wò mí. Ìyá mi wo Ìyá, ó wá wò mí pẹ̀lú. Mo sọ ọ́.

"Ọdún kan àbọ̀, Múnírátù," ni ìyá mi wí. Kò pè mí ní Múní mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó ní kókó náà ti tóbi, Ìyá ti dàgbà, ara rẹ̀ sì ti rẹ̀ nítorí àìrìn dáadáa. Ó ní iṣẹ́ abẹ náà ì bá rọrùn lọ́dún tó kọjá. Ó ní kí a lọ rò ó. Ìyá kò jẹ́ kí a rò ó. Ó ń wo àwòrán orí rẹ̀ lójú dígí kọ̀ǹpútà, ìkà kékeré kan sì wà lójú rẹ̀ tí mo ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́, èyí tó fi ń kí ọkùnrin olómi ìfọṣọ yẹn.

"Ayálégbé tí kì í kí onílé," ló wí. "Ẹ lé e jáde."

Wọ́n lé e jáde. Nígbà tó jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n ti di orí rẹ̀, ojú rẹ̀ wú, àmọ́ ohun tí èmi ń wò ni ọwọ́ tó wà lórí aṣọ ìbora. Ó dúró. Kò mì. Ìyá pàápàá ń wò ó. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní kí n gbé tẹ̀sùbáà wá. Ó fi àtàǹpàkò ti ẹyọ kan, ó dúró, ó mi ètè, ó tó ti èkejì. Ó lọ́ra débi pé oorun fẹ́ gbé mi. Mo bi í bóyá kó sinmi ná.

"Dákẹ́, jẹ́ kí n kà á," ló wí. "Láti ọjọ́ yìí wá, ayálégbé yẹn ló ń kà á. Èyí ni mo mọ̀ pé èmi ni."

Ó ń ka díẹ̀ lójúmọ́, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bá dé. Lọ́jọ́ kọkànlá, láàárọ̀ kùtù, ẹ̀jẹ̀ kan tó ti dì ní ẹsẹ̀ rẹ̀ gbéra lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ó sì pa á. Dókítà ní irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò ti lè rìn fún ìgbà pípẹ́. Kò dá wa lẹ́bi. Nígbà tí mo wọlé, àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà lórí ẹyọ tó kà kẹ́yìn. Mo já fọ́nrán koríko pupa kan lára ẹní rẹ̀ tí mo gbé lọ síbẹ̀ fún ìrun, mo so ó mọ́ ibẹ̀. Ẹyọ mọ́kànléláàádọ́ta ló kà. Méjìdínláàádọ́ta ló kù.

Ìdí nìyí tí inú fi bí mi nígbà tí Ìyá Ràṣídì bèèrè rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn fìdáù, mo mú tẹ̀sùbáà náà dání lọ sí àsàlátù. Mo fẹ́ dìde kí n sọ ìtàn náà fún wọn tán pátápátá, bóyá wọn á gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo jókòó sẹ́yìn. Gbogbo ìlà tó wà níwájú mi ló ń ka tẹ̀sùbáà bíi ti Ìyá, ìka lórí ìka, àgbà àti ọmọge. Mò ń wo ọwọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò mọ èyí tó ń gbàdúrà, mi ò mọ èyí tó ń ṣàìsàn.

Mo dìde. Mo ní ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, nítorí Ìyá Ẹ̀jìnrìn, ẹ gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀, kí ẹ tẹ́wọ́ sórí itan. Wọ́n rò pé àdúrà ni mo fẹ́ ṣe fún un. Wọ́n gbé e sílẹ̀, gbogbo wọn, wọ́n tẹ́wọ́. Ọwọ́ dúró níhìn-ín, ọwọ́ dúró lọ́hùn-ún. Ìyá Ràṣídì nìkan ni kò yọ ọwọ́ lábẹ́ hìjáàbù. Aṣọ náà ń mì.

Mo gba àárín wọn kọjá, mo jókòó tì í. Ó rí tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ mi, ó na ọwọ́ òsì sí i, omi ti kún ojú rẹ̀. Mi ò fún un. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ hìjáàbù, mo di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, ó ń lù mọ́ àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Láti ìgbà wo, mà?" ni mo bi í.

Obìnrin tí ohùn rẹ̀ tó ilé mẹ́ta fi ẹnu sún mọ́ etí mi. "Má sọ fún Ràṣídì," ló wí.

Mo fi ọwọ́ kan di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fi èkejì yọ fóònù, mo sì pe Ràṣídì níṣojú rẹ̀.